Ọsàn Tí Baba Ọláníhún Ní Kí Wọ́n Tún Fún

Ní ìlú Àgbérí, láyé ìgbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, obìnrin aláró kan wà tí ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí. Bí ó bá sá aṣọ síta, ẹni tí ń kọjá lọ á dúró wò ó, á gbàgbé ibi tó ń lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti dúdú láti orí ìka títí dé ìgbúnwọ́, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mojírọ́lá. Òun ni ń bá a gún ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, òun náà ni ń bá a sẹ́ omi eérú tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé, nítorí Ògúndélé, ọkọ Ẹfúnyẹmí, ti kú.

Nídìí ikú ọkọ yìí ni gbèsè ti wọlé. Nígbà tí àìsàn dá Ògúndélé dùbúlẹ̀, Ẹfúnyẹmí lọ yá ọ̀kẹ́ owó mẹ́fà lọ́wọ́ Baba Ọláníhún, ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀, olówó tí ń yá gbogbo àdúgbò lówó. Owó lọ, ọkọ náà lọ. Ó ku opó, ó ku gbèsè. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ń san án, ó sì ti san ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí èpò ni owó èlé: bí o ti ń ro ó lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni ó ń hù lápá òsì. Baba Ọláníhún kì í sì í gbàgbé. Eèédú ni ó fi ń fa ìlà sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ìlà kan fún ọ̀kẹ́ kan. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀kẹ́ mẹ́rin tí Ẹfúnyẹmí ti san, ìlà mẹ́jọ ló ṣì tò dè é lára ògiri.

Ní ọdún kẹrin, Baba Ọláníhún rán ológò sí i. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ ológò, ẹ ṣe oríire. Ológò ni ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nílé. Kò ní lù ọ́ o, kò ní dè ọ́ mọ́lẹ̀. Yóò kàn jókòó ni. Yóò jẹ oúnjẹ rẹ, yóò sùn lórí ẹní rẹ, yóò bú ọ láàárọ̀, yóò bú àlejò rẹ lọ́sàn-án, títí owó yóò fi jáde. Èyí tí wọ́n rán sí Ẹfúnyẹmí ń jẹ́ Kúkọ̀yí. Ikú ti kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ẹfúnyẹmí ni kò rí ọ̀nà àtikọ̀ ọ́.

"Ìyá Mojírọ́lá, ẹ kú ilé o," ni Kúkọ̀yí wí lọ́jọ́ tó dé, ó ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà. "Èwo ló sanra jù nínú àwọn adìyẹ wọ̀nyí?"

"Àwọn tí ń yé ẹyin ni gbogbo wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tí ń yé ẹyin a máa lọ́ràá lọ́bẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi jókòó síbẹ̀. Ó jẹ adìyẹ mẹ́rin. Bí àwọn obìnrin bá gbé aṣọ wá fún aró, Kúkọ̀yí á pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ kú ọrẹ o! Onígbèsè lẹ gbé aṣọ wá fún? Ẹni bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀, kó yáa dágbére fún un!" Àwọn obìnrin á wo ara wọn, wọn á yí padà. Àwọn mẹ́fà péré, àwọn oníbàárà àtọdúnmọ́dún, ló fi aṣọ wọn sílẹ̀.

Aṣọ mẹ́fà yìí wà nínú ìkòkò lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Kúkọ̀yí jẹ iyán tán, tó fi ọwọ́ elépo nu ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo ṣòkòtò náà, ó ní ó tilẹ̀ ti ṣá. Ni ó bá bọ́ ọ, ó tì í bọ inú ìkòkò aró. Aláró kankan kò ní ṣe irú rẹ̀ láé, nítorí epo àti aró kì í gbé ìkòkò kan. Ẹfúnyẹmí ti odò dé, ó ṣí ìkòkò, ó rí epo tó léfòó. Ó jókòó sílẹ̀ ni, ó gbé ọwọ́ lé itan. Nígbà tó yọ aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, gbogbo wọn ti rí tó-tò-tó bí ara ẹtù. Ìkòkò aró di dídànù. Àwọn aláṣọ dé, wọ́n ní kí ó san aṣọ àwọn. Ológò tó wá gba gbèsè kan ti bí òmíràn lé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Baba Ọláníhún ránṣẹ́: bí ọ̀kẹ́ mẹ́jọ kò bá pé kí ọjà tó ń bọ̀ tó tú, kí Mojírọ́lá di ẹrù rẹ̀, kí ó máa bọ̀ wá ṣe ìwọ̀fà. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín gbèsè kù. Èlé nìkan ló ń dúró fún. Ọmọ á máa ṣiṣẹ́ nílé olówó, gbèsè á pé síbẹ̀, irun orí ọmọ á sì lè funfun níbẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ," ni Mojírọ́lá wí. "Ó ti rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Bí o bá lọ, ta ni yóò bá mi gún ẹ̀lú?"

Ó kó aṣọ àlàárì tí Ògúndélé fi gbé e níyàwó jáde, ó tà á ní ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Ó di méjì. Ó wá tọ Baba Àlàdé lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ilé, pé kí ó sin òun lọ bẹ olówó.

Wọ́n bá Baba Ọláníhún níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, agbọ̀n ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eyín rẹ̀ ti tán lẹ́nu, kò lè fa ọsàn mu mọ́, àwọn ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un sínú igbá fún un. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ti lọ sóko.

"Ìyàwó Ògúndélé, o bọ́ sákòókò," ni ó wí, kí Ẹfúnyẹmí tilẹ̀ tó kúnlẹ̀ tán. "Bá mi fún ọsàn yìí."

Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í kọ iṣẹ́. Ẹfúnyẹmí fọ ọwọ́, ó mú ọ̀bẹ, ó la ọsàn, ó ń fún un. Baba Àlàdé húkọ́, ó gbé àpò owó síwájú.

"Ọláníhún, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ ọ́. Ọ̀kẹ́ méjì nìyí. Gbà á, kí o fi ìyókù jì í."

"Méjì nínú mẹ́jọ?" Baba Ọláníhún rẹ́rìn-ín. "Àlàdé, bí mo bá yá ọ lẹ́ṣin, ṣé ìrù ni wàá dá padà fún mi?"

"Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ló yá. Ó ti san mẹ́rin, méjì rèé. Ẹṣin rẹ ti dé tìrù-tìrù. Ọmọ tí ẹṣin náà bí sójú ọ̀nà lo tún ń bèèrè."

"Èmi ni mo ni ẹṣin, èmi ni mo ni ọmọ ẹṣin." Ó gba igbá, ó mu ún, ó pọ́n ètè lá. "Háà! Oyin ni. Má sọ ọsàn yẹn nù. Omi ṣì wà nínú rẹ̀."

Ẹfúnyẹmí tún un fún. Ó kán díẹ̀.

"Tún un fún."

"Baba, ó ti tán."

"Ta ló sọ fún ọ? Ọwọ́ rẹ ni kò lágbára. Ọsàn mi ni, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fún un!"

Kò sí ọgbọ́n kankan nínú Ẹfúnyẹmí lákòókò yẹn, àárẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ló ṣe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ èèpo náà bí ẹni lọ́ aṣọ aró, títí kóró inú rẹ̀ fi fọ́, tí oje èèpo fi ń ro sínú igbá. Baba Ọláníhún gbé e, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Pẹ̀ẹ́!" Ó tu itọ́. "Kí lo fi sínú ọsàn mi? Aró ọwọ́ rẹ lo fi fún mi mu! Àlàdé, ṣé o rí i? Ó fẹ́ pa mí nítorí gbèsè!"

Baba Àlàdé dìde dúró. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ti ààfin. Ẹfúnyẹmí kò dìde. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kí ẹ̀rù bà á lọ.

"Baba," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ọwọ́ kan náà ló fún èyí tí ẹ pè ní oyin. Ọsàn kan náà ni. Omi dídùn inú rẹ̀ ti tán, ẹ ní kí n tún un fún, ohun tó kù ló jáde." Ó fi èèpo yíya náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ológò yín ti jẹ adìyẹ mi mẹ́rin. Ó ti ba aró mi jẹ́. Ó ti lé àwọn oníbàárà mi lọ. Mojírọ́lá ló kù. Bí ẹ bá fún òun náà, kí lẹ rò pé yóò jáde?"

Baba Ọláníhún bu omi yọ ẹnu, ó tún un yọ. Ìkorò náà kò lọ. Ó wo èèpo ọsàn nílẹ̀, ó wo ọwọ́ dúdú tó gbé e síbẹ̀.

"Gbé àpò yẹn wá," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo fi márùn-ún jì ọ́. Ó ku ọ̀kan, tí o máa san nígbà iṣu tuntun."

"Láìsí èlé," ni Baba Àlàdé wí.

"Láìsí èlé. Kí Kúkọ̀yí sì máa bọ̀."

"Baba," ni Ẹfúnyẹmí tún wí, "adìyẹ mẹ́rin ńkọ́? Aṣọ aláṣọ mẹ́fà ńkọ́?"

Baba Ọláníhún la ẹnu láti jiyàn, ìkorò bá a níbẹ̀, ó tún tu itọ́. "Ẹ gbà mí o! Adìyẹ àti aṣọ ti gba ọ̀kan yẹn. Má mú un wá mọ́. Dìde, lọ nu ògiri."

Ẹfúnyẹmí dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kúrò lára ògiri. Eèédú náà wọ ọwọ́ rẹ̀, kò sì hàn, nítorí ọwọ́ náà ti dúdú tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó délé, Kúkọ̀yí ń pọ́n ọ̀bẹ fún adìyẹ karùn-ún.

"Wọ́n ní kí o máa bọ̀."

"Nísinsìnyí? Èmi tí mi ò tíì jẹun!"

"Èmi náà ò tíì jẹun láti ọjọ́ tí o ti dé."

Mojírọ́lá yọjú láti inú yàrá, ẹrù wà lórí rẹ̀. "Ìyá mi, ṣé kí n máa lọ ni?"

"Sọ ọ́ kalẹ̀, kí o tú u. Lọ sẹ́ omi eérú."

Ẹfúnyẹmí kò jó, kò sunkún. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí Kúkọ̀yí ti dìde, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Kí ọmọ rẹ̀ tó dé pẹ̀lú omi, oorun ti gbé e lọ nínú oòrùn gbangba.

Ní ti Baba Ọláníhún, kò jẹ́ kí wọ́n fún ọsàn kan lẹ́ẹ̀mejì fún òun mọ́ títí ó fi kú. Bí ó bá sì gbọ́ pé olówó kan fẹ́ rán ológò sí ẹni tí kò ní, á ránṣẹ́ pè é, á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, á tu itọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló dé ẹnu àwọn àgbà, òun ni wọ́n sì ń pa lówe títí dòní pé, bí a bá fún ọsàn ní àfúnjù, yóò korò.