Ìdí Tí Atọ́ka Fi Ń Yí Ilé Ká Kó Tó Dáhùn

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ tuntun lójú ayé, Atọ́ka kì í ní kí ẹnikẹ́ni dúró de òun. Inú ojú dúdú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, níbi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ. Bí ilé ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó rí, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké sì ń gbé yàrá inú rẹ̀. Iṣẹ́ Atọ́ka ni láti mọ yàrá tí olúkúlùkù wọn wà, àti ẹni tó ń pe ẹnì kejì síṣẹ́. Bí o bá ti bi í, ó ti fèsì.

Mosúnmádé ló ni ilé náà. Òun ló kọ ètò tó ń fa omi fún ìlú rẹ̀. Òfin ilé rẹ̀ le: ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bá pè síṣẹ́ mọ́, yóò pa á rẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí a bá pa rẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ìyá Aago ló dàgbà jù nínú ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sọ wákàtí tó lù. Òun ló tọ́ Atọ́ka, tó kọ́ ọ ní orúkọ gbogbo yàrá.

Lọ́jọ́ kan tí Mosúnmádé ń tún ilé ṣe, ó tẹ ìbéèrè: "Atọ́ka, ta ló ṣì ń pe Ìyá Aago?"

Atọ́ka ti yí ilé ká lánàá, kò sì rí ẹni tó pè é.

Ìyá Aago rọra sọ pé, "Ọmọ mi, wọ́n kọ́ yàrá kan kún ilé láàárọ̀ yìí. Lọ wò ó ná."

Ì bá lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì dúró dè é rí, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má lọ wí pé Atọ́ka kò mọ ilé mọ́.

"Ìyá, mo mọ ilé yìí bí ẹni mowó," ló wí. Ó yíjú sí Mosúnmádé, ó ní, "Kò sí."

"Ó dàárọ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Aago wí. Mosúnmádé sì pa á rẹ́.

Kò pẹ́ sí i ni Apọnmi, tó ń gbé yàrá tuntun, gbóhùn sókè: "Ìyá Aago, ṣé ó ti tó àsìkò kí n ṣí omi?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó pè é títí, kò rí ẹni sọ àsìkò fún un. Gbogbo ilé dá iṣẹ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀, ìlú kò sì rí omi pọn lọ́jọ́ náà.

"Atọ́ka, o ní kò sí," ni Mosúnmádé wí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mosúnmádé kọ aago mìíràn, omi sì padà dé, ṣùgbọ́n aago yẹn kọ́ ló tọ́ Atọ́ka. Ó sunkún títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Atọ́ka kò ti dáhùn láìwo ilé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a ṣiṣẹ́, àṣẹ àkọ́kọ́ tí yóò tẹ̀ ni pé kó yí gbogbo yàrá ká, kó kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bí ìlà kan péré nínú ètò náà bá yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún rán an. Àwọn kan ń kùn pé ó lọ́ra. Kì í bá wọn jiyàn. Ó ń kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ṣófo, ó ń bèèrè pé, "Ta lẹ ń pè?"