Òkété àti Ìpàdé Ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ o.
Ààlọ̀ o, ìyá wa.

Àlọ́ mi dá lórí Òkété. Erin ọba fẹ́ la ọ̀nà láti ààfin dé odò, ó sì pe gbogbo ìlú sí ìpàdé lọ́sàn-án gangan, bí ìṣe wọn. Òkété kò lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀sán ló máa ń sùn. Nígbà tó jí nírọ̀lẹ́, ó rí i pé wọ́n ti ri èèkàn tí wọ́n fi sàmì ọ̀nà mọ́ orí ihò tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ó sáré lọ sáàfin, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, wọ́n la ọ̀nà náà, ó rì. Wọ́n kó òkúta sí i, ó rì. Wọ́n to igi lé e, ó tún rì, ó wá ku díẹ̀ kí ihò wó lu àwọn ọmọ Òkété.

Erin tún pe ìpàdé lọ́sàn-án. Lọ́tẹ̀ yìí, Òkété fi oorun sílẹ̀, ó lọ, oòrùn ń gún un lójú. Ó fi orin bi wọ́n léèrè. Ẹ bá mi gbè é:

Ta lẹ bi léèrè o?
*Ọ̀nà ń rì.*
Ta lẹ bi nísàlẹ̀ ilẹ̀?
*Ọ̀nà ń rì.*

Ẹfọ̀n ní, "Ọ̀lẹ, ṣé oorun ti tó ẹ?"

Òkété ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí ẹ bá ń sùn ni mò ń ṣiṣẹ́. Kábíyèsí, omi ń ṣàn lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yà sápá ọ̀tún."

Erin dùbúlẹ̀, ó fi etí lélẹ̀. Ó gbọ́ omi lóòótọ́. "Kí ló dé tí o kò sọ látìbẹ̀rẹ̀?"

"Oorun là ń sùn nígbà ìpàdé yín, Kábíyèsí."

"Ẹ̀yin wo?"

"Èmi, Òòrẹ̀, Òwìwí, àwa tí a máa ń jí lóru."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run kò dá ẹnikẹ́ni láìfi nǹkan hàn án tí ẹlòmíì kò mọ̀. Erin dìde, ó ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó ń sùn lọ́sàn-án bá ti jí.

Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí.