Ìmúra Sílà Ọdẹ́jìnmí fún Igbó Arìnmátán

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ ń yún láti rìnrìn àjò, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí, nítorí ẹsẹ̀ yíyún kì í ṣe ìmúra. Kí ẹni tó ń jẹ guguru gbé tẹnu rẹ̀ mì, kí ẹni tó fẹ́ sọ pé òun ti gbọ́ ọ rí pa ẹnu dé, torí ìtàn Sílà Ọdẹ́jìnmí ni mo fẹ́ sọ: Sílà ọmọ Ọdẹ́sẹ̀yẹ tó dúró lójú ọ̀nà tí ẹfọ̀n fi yà fún un, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́táyọ̀ tí ìkookò ń kí kó tó kọjá. Ọjọ́ tí Sílà ṣe ìrìbọmi ló kó gbogbo oǹdè ìdílé wọn sọ sódò, ó ní Ọlọ́run tó dá igbó kò ní kí ènìyàn so awọ mọ́dìí kó tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà kò ní kí ènìyàn má gbé omi lọ.

Igbó tí mo ń wí yìí, Arìnmátán ni wọ́n ń pè é. Àwọn baba ńlá ìlú Ìdógbó ti fi ààlà yí i ká láti ayébáyé, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹran níbẹ̀, kí ọmọ tí a ò tíì bí lè fojú ara rẹ̀ rí erin. Nítorí náà erin ń rìn níbẹ̀ bí ewúrẹ́ ọjà, àgbọ̀nrín ń wo ènìyàn bí àna tó wá kí i, pápá ibẹ̀ sì tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ tí ojú fi ń rẹ ẹni tó ń wò ó. Àmọ́ ohun tí kì í ṣe ẹran, tí kì í sì í ṣe ènìyàn, ń gbé ní àárín gbùngbùn rẹ̀.

Akínlàjà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Sílà, ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọdẹ ariwo ni. Ó so àdó oògùn yíra ká, ó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí ajá tí a so ṣaworo mọ́ lọ́rùn, ó ní òun ń lọ wo òpin igbó náà.

Sílà bi í pé, “Àna mi, agbè omi yín dà?”

Akínlàjà fẹyín. “Sílà, ọdẹ inú ṣọ́ọ̀ṣì! Obìnrin ní í di ẹrù. Ọkùnrin a máa lọ ni.”

Ó sì lọ lóòótọ́. Lílọ kò nira, bíbọ̀ ló kù. Ọjà ná títí, ọjà túká, Akínlàjà kò dé. Àdùnọlá aya Sílà kọ oúnjẹ, ó ń fi omijé wẹ ojú. Sílà ní, “Màá mú un wá.” Gbogbo ilé rò pé yóò ki ìbọn mọ́lẹ̀ kó sáré. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó! Ó wá àwọn Fúlàní darandaran lọ, ó bi wọ́n léèrè ibi tí omi ń gbẹ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ibi tí kò gbẹ. Ó yan gàrí títí ó fi dún kókó. Ó sá ẹran, ó di iyọ̀, ó rán ìsàlẹ̀ bàtà, ó fi ìda bo ìṣáná kí ìrì má pa á. Ó yá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, ó ní yóò ru ẹrù lọ, yóò ru ènìyàn bọ̀.

Ìyá Akínlàjà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́. “Ọkọ ọmọ mi, ṣé ìyàwó lo fẹ́ gbé ni? Ọmọ mi ń kú lọ, ìwọ ń yan gàrí!”

Sílà dọ̀bálẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Bí mo bá sáré lọ lónìí, ẹni méjì lẹ ó máa sunkún sí: ẹni tó sọnù, àti ẹni tó wá a lọ.”

Ìyá náà pòṣé, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tó múra tán, ó gbàdúrà, ó wọ Arìnmátán. Ní gbogbo oríta ló ti ń ṣẹ́ ewé sílẹ̀ bí àwa ọdẹ ti í ṣe, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ìdí àwọn ọ̀gán ńlá, àwọn òkìtì ìkán tó ga ju ilé lọ, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ri agbè omi àti ìdì oúnjẹ mọ́ ọn, ó sì ń fẹsẹ̀ pa ojú ibẹ̀ rẹ́.

Ọ̀sán gangan ló dé àárín igbó. Yéè! Ìdọ̀tí ayé pé síbẹ̀. Olójú-yíra-ká wà níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan rí lórí ibi tí wọ́n ó wò. Ẹlẹ́sẹ̀-kan wà níbẹ̀, tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ tí ata tà lójú. Onírùngbọ̀n-iná ń jẹ ọbẹ̀, ó ń jó ọbẹ̀. Elétí-bí-ẹní tẹ́ etí kan, ó fi ìkejì bora, ó ń hanrun. Olórí wọn, Ẹlẹ́nu-jorí-lọ, gúnwà sórí gbòǹgbò. Akínlàjà alágbára ńkọ́? Ó gbẹ bí panla, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi fún wọn, omi ń jò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àdó rẹ̀ wà lọ́rùn ìyàwó Ẹlẹ́nu-jorí-lọ, ó ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹlẹ́nu-jorí-lọ, olórí àwọn iwin náà, ké. “Kòkòrò wo ló ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọlé mi? Àdó tìrẹ dà, kí ìyàwó mi kejì náà rí nǹkan so?”

“Èmi Sílà ni, ọmọ Ọdẹ́sẹ̀yẹ, ọmọ ayàfún-mi-n-kọjá,” ni Sílà dá a lóhùn. “Ẹnu rẹ tó ẹnubodè, kò sì sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan tó gba ibẹ̀ jáde rí. Mi ò lóògùn. Ẹni tó dá ọ ni mo bá wá, mo sì dúpẹ́ pé kì í ṣe ìwọ lo dá mi.”

Iwin rẹ́rìn-ín títí ewé fi wọ́. “Mú ẹrú mi, kí o máa lọ. Mi ò ní fọwọ́ kàn yín. Àwọn ọmọ mi ti yí gbogbo ewé tí o ṣẹ́ padà. Ẹ ó rìn yíká yíká, òùngbẹ yóò bá mi lé yín padà, ẹni méjì ni yóò wá máa pọnmi.”

Lóòótọ́ ni àwọn iwin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ti sá káàkiri láàárọ̀.

Sílà di ìgbáròkó mú, ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọdẹ wo ni kò mọ̀ pé ẹ mọ àmì ewé? Egungun ni mo jù fún ajá kó lè rí nǹkan họ. Ọ̀nà mi kò sí lára ewé. Ó wà lára ohun tí ẹ kò lè gbé.”

Ó gbé àna rẹ̀ sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó dá orin ìyìn sílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀gán tó ń yọrí lókèèrè, nítorí ó ti yan àwọn ọ̀gán náà tó fi jẹ́ pé láti ìdí ọ̀kan ni a ti í rí òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àkọ́kọ́, ètè Akínlàjà ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, orí rẹ̀ ti ń gbọn. Sílà walẹ̀, agbè jáde, omi dé ọ̀fun.

Àwọn iwin rí i, wọ́n figbe ta, wọ́n sáré lọ bo ọ̀gán kejì láti hú u. Olójú-yíra-ká tì í síwájú, Onírùngbọ̀n-iná tì í sẹ́yìn, Ẹlẹ́sẹ̀-kan fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà gbá a, òun fúnra rẹ̀ ló ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọ̀gán kò mì. Ìkán ló tú jáde, wọ́n sọ ilé ara wọn di ọjà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ge àwọn iwin jẹ. Kòkòrò tí kò ní oògùn, tí kò lápò, tó kàn ń kọ́ ilé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ló lé ogun igbó lọ! Wọ́n sá, wọ́n ń họ ìdí, igbe Ẹlẹ́nu-jorí-lọ sì ń dún lẹ́yìn wọn bí ìlẹ̀kùn tí kò gba epo.

Láti ọ̀gán dé ọ̀gán, láti omi dé omi, ni wọ́n fi dé Ìdógbó. Ìyá Akínlàjà rí ọmọ rẹ̀, ó wólẹ̀, ó dì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin olùfẹ́, àwọn kan wà nínú yín tí ń pe àìmúra ní ìgbàgbọ́. Ìwà òmùgọ̀ ni, ẹ má fi orúkọ Olúwa bò ó mọ́lẹ̀. Àdúrà ni Sílà fi ṣáájú, ó sì gbẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ọ̀run sì jìn ju Arìnmátán lọ. Kí ni ẹ ti rì sílẹ̀ dè é?

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn èwe ìlú ní àwọn fẹ́ lọ wo erin ní Arìnmátán. Bí wọ́n ti ń pariwo ìbọn àti agbára, Akínlàjà tó jókòó sẹ́yìn dìde. Kò sí àdó kan lára rẹ̀. Nínú àgbàlá, ìyá rẹ̀ ti ń yan gàrí.

“Àna mi,” ni Akínlàjà wí fún Sílà, “níbo la ó ti kọ́kọ́ mu omi?”