Ìdí Tí Adìẹ Fi Ń Tu Ilẹ̀ Kó Tó Jẹ Àgbàdo

Nígbà láéláé, nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ adìẹ ṣì rọ̀ bí òwú, adìẹ kì í tu ilẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n tu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà fún ìdúró nìkan, ìdúró náà kì í sì í pẹ́ kó tó jókòó.

Adìẹ àti ọkọ rẹ̀, Àkùkọ, ń gbé ní àgbàlá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ìṣọ̀lá. Ìṣọ̀lá ní àká ńlá kan tó gbé sórí òpó mẹ́rin, àgbàdo ló sì kó kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, pákó kan là lábẹ́ àká náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, hóró àgbàdo kan á bọ́ sílẹ̀. Bó bá tún fẹ́, òmíràn á bọ́.

Adìẹ rí i. Ó kó ìtẹ́ rẹ̀ wá sí abẹ́ ibi tó là náà gan-an, ó jókòó, ó gbójú sókè, ó yanu. Àgbàdo ń bọ́ sí i lẹ́nu. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ṣe ju kó mì, kó tún yanu lọ.

Àkùkọ a máa gun orí ògiri láti fi ìyàwó rẹ̀ yangàn. Ó ní ìyàwó òun kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń rìn kiri kí wọ́n tó jẹun. Ó ní oúnjẹ ló ń wá ìyàwó òun wá sílé.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó ń dun Adìẹ. Kò tíì bímọ. Ní àràárọ̀, Àparò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní etí oko, a máa gba ẹ̀yìn àgbàlá kọjá, ọmọ mẹ́jọ a sì tò tẹ̀lé e bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Adìẹ a máa kà wọ́n títí wọn á fi wọ inú koríko. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti wọlé, a mí kanlẹ̀, a tún yanu.

Ní ọjọ́ kan, Àparò yà kí i. Ó di nǹkan sínú ewé kókò wá fún un. Ikán wà níbẹ̀, ewé tẹ̀tẹ̀ tútù wà níbẹ̀, àfọ́kù ìkarahun ìgbín náà sì wà níbẹ̀. Adìẹ wo inú ewé náà, ó rí ikán tó ń rìn, ó fà sẹ́yìn.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n Àparò," ó ní. "Àmọ́ ẹni tí àgbàdo ń rọ̀ sí lẹ́nu, kí ló fẹ́ fi kòkòrò ṣe? Ẹ kó o fún àwọn ọmọ yín. Àwọn ni ebi ń pa."

Àparò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí i pé ìyẹ́ rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ọ̀rá tó gbé.

"Ikùn rẹ ló yó, àbúrò mi," ó ní. "Egungun rẹ ńkọ́?"

Adìẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àparò lọ tán, ó ti ẹrù náà sábẹ́ ìtẹ́ rẹ̀, ó fi ṣe tìmùtìmù. Àwọn ikán inú rẹ̀ rìn lọ tiwọn.

Kò pẹ́, Adìẹ yé ẹyin mẹ́fà. Inú Àkùkọ dùn débi pé ó kọ lọ́sàn-án gangan.

Láyé ìgbà náà, àṣà kan wà láàárín àwọn ẹyẹ. Ìyá kan kì í sàba lé ẹyin rẹ̀ àfi bí àgbà ẹbí bá ti fi àgógó ẹnu kan ẹyin náà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bí ẹyin bá dáhùn pé "kọ́", wọ́n á ní ilé ọmọ ti dúró, ìyá á sì sàba. Bí kò bá dáhùn, kò sí ẹni tó ń kà á mọ́ ẹyin.

Àkùkọ pe gbogbo àdúgbò. Pẹ́pẹ́yẹ wá, Ẹyẹlé wá. Àparò sì wá kan ẹyin, nítorí òun ni àgbà ẹbí.

Ó kan àkọ́kọ́. Kò dáhùn. Ẹnu Àparò kàn rì sínú rẹ̀ díẹ̀ ni, ẹyin náà sì ń mì bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ó kan ìkejì. Bákan náà ni. Nígbà tó kan ìkẹta, ó bẹ́, omi rẹ̀ sì ṣàn sórí ìtẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, bi Adìẹ bóyá ẹyin ló yé àbí àpò omi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àkùkọ rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Àwọn àlejò túká lọ́kọ̀ọ̀kan. Adìẹ na ìyẹ́ bo mẹ́ta tí Àparò kò tíì kàn, kò sì lè jókòó lé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ta ló ń ṣe mí?"

Àparò bi í pé, "Kí lo jẹ lánàá?"

"Àgbàdo ni."

"Níjẹta ńkọ́?"

"Àgbàdo."

"Níjẹrin?"

Adìẹ ronú. "Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àgbàdo díẹ̀ ni."

Àparò jókòó tì í. Ó ní àgbàdo kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òun náà ń jẹ ẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ àgbàdo nìkan dà bí ẹni tó fẹ́ mọ ilé, tó pọn omi jọ rẹpẹtẹ, tí kò bu amọ̀.

"Ara rẹ fẹ́ mọ ògiri ẹyin," ó ní, "ìwọ ni o kò gbé amọ̀ fún un. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, àbúrò mi."

Adìẹ fa ẹrù ewé kókò yọ lábẹ́ ìtẹ́. Ewé tẹ̀tẹ̀ ti gbẹ, ikán ti lọ, àmọ́ àfọ́kù ìkarahun ìgbín ṣì wà. Ó dijú, ó gbé ọ̀kan mì. Ó wá béèrè ibi tí òun yóò ti máa rí ìyókù.

"Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ni," Àparò ní.

Báyìí ni Adìẹ ṣe dìde kúrò lábẹ́ àká. Àparò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tu ilẹ̀: ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, kó fà sẹ́yìn, kó wò ó. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú, ó ṣubú. Nígbà kejì, ó da yẹ̀pẹ̀ sójú Àkùkọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà kẹta, kòkòrò kan yọ orí jáde. Ó jẹ ẹ́. Ó wá bi Àparò, lóhùn kékeré, pé ṣé bó ṣe ń dùn láti ọjọ́ yìí nìyí.

Kí Àparò tó lọ, ó gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tún jẹ hóró àgbàdo kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tu abẹ́ rẹ̀, kó wo ohun mìíràn tó wà níbẹ̀. Adìẹ fi ọmọ tí kò tíì bí búra.

Àkùkọ náà fẹ́ ṣèrànwọ́. Ó rí ekòló kan, ó sì fẹ́ gbé e sáré lọ fún ìyàwó rẹ̀, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ekòló ti wọlé kó tó rántí. Ojú tì í. Nígbà tó rí ìkejì, ó gbé e sílẹ̀, ó gbójú kúrò lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó rẹ̀: "Kò-kò-kò, máa bọ̀, kò-kò-kò."

Nígbà tí oṣù méjì pé, ìyẹ́ Adìẹ ti ń dán. Ó yé ẹyin márùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pe àdúgbò, Àparò nìkan ló ránṣẹ́ sí. Àkùkọ kò gun ògiri. Ẹ̀yìn òpó àká ló dúró sí, ó ń yọjú.

Àparò tẹrí ba. Ó kan ẹyin àkọ́kọ́.

Kọ́.

Adìẹ kò gbà á gbọ́. Ó ní bóyá òpó àká ni ẹnu Àparò bà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kàn."

Kọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, òròmọdìẹ márùn-ún jáde. Kí ara wọn tó gbẹ tán, ìyá wọn ti ń kọ́ wọn: ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Àparò tún gba ẹ̀yìn àgbàlá kọjá, Adìẹ kò ráyè ka ọmọ ẹlòmíràn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àkùkọ kì í ti í dá jẹ ohun tó bá rí. Á gbé e sílẹ̀, á sì pe ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ ẹ máa wò ó dáadáa: nígbà mìíràn, ó máa ń gbé àkọ́kọ́ mì kó tó pè.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ sì ti ń tu ilẹ̀ kó tó jẹun. Bí o bá da àgbàdo sílẹ̀ fún un, kódà lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́yìn ná. Àwọn ìyá wa a máa jágbe mọ́ ọn pé ó ń fi oúnjẹ ṣòfò. Kì í ṣòfò. Ìlérí tó ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń mú ṣẹ.