Baálẹ̀ Tó Gun Mọ́tò Lọ Bẹ̀bẹ̀ Gbèsè

Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Baálẹ̀ ìlú kékeré kan yá owó lọ́wọ́ ìlú kejì títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n gba oko kòkó tí gbogbo ará ìlú rẹ̀ fi ń jẹun. Ló bá gun mọ́tò tó fi owó náà rà, ó lọ bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ̀yin ará wa, ẹ fi gbèsè jì wá. Ẹ sì tún bá wa fi díẹ̀ kún un, táyà mọ́tò yìí ti gbó.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àgbà kan ní, “Ẹ gba oko wọn jàre!”

Ìyá Mopélọ́lá, obìnrin kan láàárín wọn tó pọn ọmọ, dìde. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ṣé àwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń gun mọ́tò, tí ebi yóò fi pa wọ́n? Ẹ fi gbèsè jì wọ́n. Mọ́tò ni kí ẹ gbà. Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí, bí n kò bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìgbà wo ni yóò mọ ìrìn? Kí Baálẹ̀ náà fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ ni Baálẹ̀ wọlé, bàtà lọ́wọ́, eruku dé orúnkún.

“Ṣé wọ́n tún yá wa lówó?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Owó kẹ̀? Wọ́n fi gbèsè jì wá. Ṣùgbọ́n, ìyá wa, àṣé ọ̀nà yẹn jìn tó báyìí!”