Kábúrétọ̀ Ẹlẹ́nu Gbàgà

Bàbá Ìkẹ́olú, gbọ́ ìtàn yìí. Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀sà, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò. Máfimíṣẹ̀bí ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kò tóbi. Irú èyí tí àgbẹ̀ fi ń fa omi sóko ẹ̀fọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló so ọ̀pá irin àti abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, tí òun sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì ọ̀sà, afẹ́fẹ́ dojú kọ wọ́n, ẹ̀rọ ń kérora, ọkọ̀ ń fà bí ìgbín. Àárín omi ni obìnrin náà bímọ sí. Ọlọ́run ló yọ wọ́n: ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí kò ti lè wo ẹ̀rọ yẹn kí inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà abúlé ní àwọn fẹ́ yan ọkọ̀ kan tí yóò máa gbé aláìsàn sọdá. Èyí tó bá kọ́kọ́ lọ sí èbúté ilé ìwòsàn tó sì kọ́kọ́ padà ni àwọn yóò mú. Máfimíṣẹ̀bí fò sókè. "Èmi ni! Èmi ni mo ni iṣẹ́ yìí!"

Ó tú ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì nílùú. Mẹkáníìkì fẹ inú rẹ̀ lójú, ó ki písítìnì tó sanra, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀rọ, sí i, ó la ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ẹ̀rọ lè mí kanlẹ̀. Ó wá ní, "Kábúrétọ̀ ló kù o. Ti àtijọ́ yìí ti kéré jù fún un."

Kábúrétọ̀ ni ohun kékeré tó ń po bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ láti jó. Máfimíṣẹ̀bí lọ sọ́jà àlòkù. Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ gbé ọ̀kan fún un, tí kò tóbi tí kò kéré. "Bọ̀dá, èyí ló máa bá ẹ̀rọ yín mu."

Máfimíṣẹ̀bí kò tilẹ̀ wò ó. Ojú rẹ̀ ti wọ ẹlẹ́nu gbàgà kan tí wọ́n tú lára alùpùpù ńlá. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ mi ti dàgbà. Àgbàlagbà kì í fi ṣíbí ìkókó jẹun."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá a wé e.

Lọ́jọ́ ìdíje, abúlé tú jáde sétí omi. Máfimíṣẹ̀bí fa okùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bú ramúramù, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Àwọn ènìyàn hó yèè! Máfimíṣẹ̀bí juwọ́ sí wọn. Bí wọ́n ti ní kí àwọn ọkọ̀ máa lọ, ó tẹ iná dópin.

Ẹ̀rọ wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Èéfín dúdú bo ọkùnrin náà lójú. "Ebi ló ń pa á," ló wí lọ́kàn ara rẹ̀, ló bá ṣí epo sí i. Ẹ̀rọ hu lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú fin-ín. Ọkọ̀ kejì tí wọ́n jọ ń díje, tí ẹnikẹ́ni kò tún ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ̀ọ̀. Nígbà tí ìyẹn fi máa padà dé, àjẹ̀ ni Máfimíṣẹ̀bí fi ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ sétí omi, tí àwọn ọmọge ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Nílé, ó yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà, èyí tó ń ṣáná sí epo. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ń kán lára rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bojú wò ó. "Kí ló wá kù tí ẹ fẹ́ ṣe?"

"Màá fi epo kún epo rẹ̀ ni."

"Epo kẹ̀? Pẹ̀lú bó ṣe rin gbindin yìí? Bí mo bá ki igi kún ààrò mi fọ́fọ́, ṣé iná ló máa ń jó ni? Èéfín ni. Ebi ò pa ẹ̀rọ yìí o. Ó yó bì ni."

Ọkùnrin náà wo ààrò, ó wo púlọ́ọ̀gì ọwọ́ rẹ̀. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ni! Ẹnu kábúrétọ̀ náà fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò lágbára láti fa epo kí ó fọ́n bí ìrì. Ṣe ni epo ń dà wọlé gbuurugbu. Kò dúró jẹun. Ó sáré padà sọ́jà, ó lọ mú èyí tí obìnrin yẹn ti kọ́kọ́ gbé fún un.

Síbẹ̀, kò tíì tán. Ó dè é mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ gbóná janjan, púlọ́ọ̀gì funfun bí eérú: epo ti wá kéré jù. Ó pààrọ̀ ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà, ó fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ sí i. Ó mú sukudíráfà, ó yí ìdè kékeré tí wọ́n fi ń wọn epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn ẹ̀rọ gòkè. Ó tún yí i, ohùn já. Ó dá a padà ní bín-ín-tín, ó dúró, ó tẹ́tí. Nígbà tí púlọ́ọ̀gì fi máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀pà yíyan, ẹ̀rọ ti ń kọrin. Ó gbé ọkọ̀ bọ́ sójú ọ̀sà, ó tẹ iná, orí ọkọ̀ gbéra sókè, omi là sọ́tùn-ún sósì! Ó pariwo dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ nílé.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti yan ọkọ̀ kejì, wọn kì í sì í kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Máfimíṣẹ̀bí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń gbé èrò rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ejò bu apẹja kan ṣán níbi tó ti ń ro koríko ojú omi. Ọkọ̀ tí wọ́n yàn ti gbé aláìsàn mìíràn lọ. Ẹnì kan ní, "Máfimíṣẹ̀bí ńkọ́?"

Àgbà kan fajú ro. "Ẹléèéfín yẹn?"

Kí ó tó pa ẹnu dé, Máfimíṣẹ̀bí ti gbé apẹja náà sínú ọkọ̀. Ó fún ẹ̀rọ níná díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ gbà á. Ó fi kún un, ó tún gbà á. Ìjì ń fẹ́, ìgbì ń ga, ẹ̀rọ kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ń fò, àní ó ń fò! Apẹja náà ṣì lè dárúkọ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Ó yè.

Nígbà tí Máfimíṣẹ̀bí padà dé, àgbà yẹn ṣí fìlà. "Ta ló ra ẹ̀rọ tuntun fún ọ?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ọjọ́sí náà ni. Mo kàn bu oúnjẹ tó lè jẹ fún un ni, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀."

Bàbá Ìkẹ́olú, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọmọ rẹ jí pépé, Ọlọ́run sì fún un ní inú tó gbòòrò. Ṣùgbọ́n bó ti ń ti ilé ìwé bọ̀ lo ń lé e lọ sí lẹ́sìnnì, bó ti ti lẹ́sìnnì dé, olùkọ́ mìíràn ti jókòó dè é ní pálọ̀. Ní báyìí, ó ń sùn lórí ìwé, ohun tó mọ̀ lánàá ti ń sọnù lẹ́nu rẹ̀, ìwọ ní ọ̀lẹ ni, o sì ń wá olùkọ́ kẹta. Ọ̀lẹ kọ́. Ẹ̀kọ́ tí kò bá ráyè jó nínú ọmọ, èéfín ni yóò dà. Máa lọ sílé. Ní kí olùkọ́ tó wà ní pálọ̀ máa lọ. Jókòó ti ọmọ rẹ, má bi í ní ìbéèrè kankan. Jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí o sì tẹ́tí. Bí o bá ti gbọ́ tí ohùn rẹ̀ gòkè, ká ọwọ́ rẹ kúrò, má fi nǹkan kan kún un mọ́.