Adánbíaró Gba Ilé Ìyá Àkókó

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò pìrà, ó bà lé orí Ìyá Àkókó, ó sì bà lé orí ẹyẹ Adánbíaró.

Ní ìgbà kan rí, Ìyá Àkókó ń gbé nínú igbó ńlá kan. Ẹ mọ Àkókó, ẹyẹ tí ń fi ẹnu gbẹ́ igi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbẹ́ ihò sára igi àràbà. Ẹnu ń ro ó, ọrùn ń dùn ún, kò sinmi, nítorí ẹyin ti wà níkùn rẹ̀. Nígbà tó parí, ó yé ẹyin mẹ́ta síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ wá èèrà jẹ. Kó tó dé, Adánbíaró ti wọlé. Ìyẹ́ ẹyẹ yìí ń dán bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde, kò sì sí ohùn tí kò lè sín jẹ. Ìyá Àkókó bá ẹyin rẹ̀ nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti fọ́.

"Adánbíaró, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ó yọ orí jáde. "Ẹ má bínú, ìyá. Òfìfo ni mo bá ilé yìí."

"Òfìfo? Pẹ̀lú ẹyin mẹ́ta?"

"N kò rí ẹyin kankan."

Inú bí Ìyá Àkókó débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Àkàlà lọ, àgbà ẹyẹ tí ń dájọ́ nínú igbó náà. Àkàlà ránṣẹ́ pe Adánbíaró, ó sì dé.

"Èmi ni mo gbẹ́ ihò náà, bàbá. Ṣé ẹ kì í gbọ́ mi ni?" ni Adánbíaró wí. Ó la ẹnu, ó ń ṣe kó-kó-kó, kó-kó-kó, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí Àkókó bá ń gbẹ́ igi.

Àkàlà mi orí. "Ìró tí mo gbọ́ nìyẹn lóòótọ́. Àkókó, lọ gbẹ́ tìrẹ."

"Bàbá, ẹ kò ní dé ìdí igi náà wò?"

"Mo ti dájọ́."

Ẹ ò rí nǹkan. Àgbà jókòó sórí ẹ̀ka, kò gbé ẹsẹ̀, ó gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Ìyá Àkókó fò lọ sí òdìkejì odò.

Nígbà tí Adánbíaró rí i pé irọ́ òun ràn, ojúkòkòrò wọ̀ ọ́. Ó kéde pé kí ẹni tó bá ń fẹ́ ihò kó èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, òun yóò gbẹ́ ẹ fún un. Òjò ń bọ̀, gbogbo ẹyẹ ń kó èso wá. Ti Àkàlà ló pọ̀ jù, nítorí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ yé ẹyin.

"Ẹ má wo iṣẹ́ mi o," ni Adánbíaró wí. Ó wọ ẹ̀yìn igi ìrókò, ó ń jẹ èso, ó ń fẹnu ṣe kó-kó-kó. Ọjọ́ méje. Àkàlà ń gbọ́ ọ lókèèrè, inú rẹ̀ ń dùn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, òjò ṣú. Ìyàwó Àkàlà yí igi náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Bàálé mi, ihò dà?"

Àwọn ẹyẹ pé jọ. Àkàlà ní, "Gbẹ́ ẹ lójú wa."

Adánbíaró sọ igi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi ẹnu ṣá a títí ó fi sá kúrò nínú igbó náà.

Àkàlà rìn nínú òjò dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àkókó. "Jọ̀wọ́, gbà mí. Ìyàwó mi ń rọbí ẹyin."

Ìyá Àkókó wò ó. "Olè ni Adánbíaró, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ẹ̀yin ni mo sá tọ̀ lọ, ẹ kò sì dìde. Ẹ̀yin ni mo ń bínú sí."

Àkàlà dọ̀bálẹ̀.

"Ìyàwó yín kò ṣẹ̀ mí. Mo máa gbẹ́ ihò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má dájọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nínú igbó yìí."

Àkàlà kò sì dájọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fẹnu gba iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹni tí kò bá ní lọ wò, kó má dájọ́.